Ohun Tí A Bi Ìdánwò Ni Ó Ń Dáhùn

  Ọ̀rọ̀ kẹ́místírì ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí rédíò kúrò o. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ kẹ́místírì báyìí, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pátákó, ṣọ́ọ̀kì, àti àwọn lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà tí tíṣà tò jọ. Èyí tí a fẹ́ sọ yìí ti kúrò ní ti kíláàsì. Ó dé ìdí ìgò oògùn ọmọdé tó wà nílé yín.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò kẹ́míkà, ènìyàn lè béèrè, kí ó gba èsì tó péye, kí ó sì tún ṣìnà, nítorí pé ohun tó yẹ kí ó béèrè kọ́ ni ó béèrè. Ìdánwò kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ ṣáà mú ìyẹn dání.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2008, ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà níbí. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá sí ọsibítù. Ọmọ tí eyín ń hù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ara ọmọ gbóná, ó ń bì, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn dókítà ni pé àwọn ọmọ náà kò tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà, oògùn olómi kan ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín. Iye ọmọ tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kà pé ó kú jẹ́ 84.

Parasitamọ́ọ̀lù wà nínú oògùn náà. Parasitamọ́ọ̀lù kọ́ ni ó pa wọ́n. Èyí tó pa wọ́n ni omi kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol. Orúkọ yìí gùn, nítorí náà DEG ni a ó máa pè é.

Báwo ni DEG ṣe wọ inú oògùn ọmọdé? Ibí ni ẹ̀kọ́ kẹ́místírì wa ti bẹ̀rẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi. Bí omi bá wà ní dígírì 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà kan kò lè gba ju nǹkan bíi gíráàmù 13 lọ. Bí ẹ bá bu èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i, yóò kàn silẹ̀ sí ìdí ìgò ni. Ṣùgbọ́n oògùn olómi tí a ń fún ọmọdé sábà máa ń ní míligíráàmù 120 nínú ṣíbí kan tó gba mílílítà 5. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 24 nìyẹn nínú lítà kan. Omi lásán kò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pò oògùn fi máa ń da omi mìíràn mọ́ ọn, omi tí parasitamọ́ọ̀lù fẹ́ràn láti yòrò sí. Glísíríìnì jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni propylene glycol, tí a ó máa pè ní PG. Àwọn méjèèjì kò léwu ní ìwọ̀n tí wọ́n ń fi sínú oògùn.

DEG náà lè yọ́ oògùn bẹ́ẹ̀, kò sì wọ́n tó wọn lówó. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó lóríṣiríṣi, ó wà nínú ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ mìíràn. Àárín ẹnu àti kíndìnrín ni wàhálà rẹ̀ wà. Bí ó bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ yóò gbìyànjú láti tú u palẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di ásíìdì. Ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì wọ̀nyí ni ó ń pa ẹran ara kíndìnrín.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ojú kò lè dá àwọn omi mẹ́ta náà mọ̀. Bí wọ́n bá bu glísíríìnì, PG àti DEG sínú ife mẹ́ta, gbogbo wọn mọ́ gaara, gbogbo wọn ki ju omi lọ, kò sí òórùn kan tí imú yóò fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀, gbogbo wọn ló sì dùn lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́ ọ wò o! Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìríran, ìgbóòórùn àti ìtọ́wò, tí a fi ń ra epo àti oyin lọ́jà, kò wúlò níhìn-ín rárá.

Ti Nàìjíríà ní 2008 kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ Massengill ní ìlú Bristol, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, fẹ́ ta oògùn kan tó ń jẹ́ sulfanilamide ní olómi. Oníhóró ni oògùn náà tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àrùn ọ̀nà ọ̀fun. Ìṣòro rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti parasitamọ́ọ̀lù: kì í yòrò nínú omi. Onímọ̀ kẹ́místírì àgbà ilé iṣẹ́ náà, Harold Watkins, rí i pé ó yòrò nínú DEG. Wọ́n po ó pọ̀, wọ́n fi adùn èso sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Kí ni wọ́n bi í? Wọ́n bi í bóyá ó dára lójú, bóyá ó dùn, bóyá ó ń ta sánsán. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó lè pa ènìyàn. Òfin ìgbà náà kò sì ní kí wọ́n béèrè. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1938 pé ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu.

Ní ọdún 1990, ó tún ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní ọsibítù Yunifásítì ìlú Jos, ọmọ 47 ni wọ́n gbé wá tí wọn kò tọ̀ mọ́, tí gbogbo wọn sì kú. DEG ni wọ́n rí nínú oògùn parasitamọ́ọ̀lù olómi tí wọ́n fún wọn lò. Ọdún 18 lẹ́yìn náà ni ti My Pikin dé.

Ẹ lè máa sọ nínú ara yín pé, ṣé wọn kì í yẹ oògùn wò ni? Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé iṣẹ́ kan gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n sì béèrè pé: ṣé parasitamọ́ọ̀lù tí a kọ sára páálí ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó sì pé? Ẹ̀rọ yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì sọ pé ó pé pérépéré. Ẹ̀rọ kò parọ́. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà náà kò parọ́. Ìwé ẹ̀rí yóò jáde, oògùn náà yóò sì tún pa ọmọ. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó béèrè nípa omi tí wọ́n fi yọ́ parasitamọ́ọ̀lù ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ mìíràn, ọdún kan náà ni, ọdún 2008. Ní oṣù kẹsàn-án, ariwo sọ ní Ṣáínà nípa wàrà ọmọdé. Láti mọ̀ bóyá wàrà ní pròtéènì tó, ìdánwò tí wọ́n ń lò ni èyí tí Johan Kjeldahl gbé kalẹ̀ ní ọdún 1883, ní yàrá ìwádìí ilé ọtí Carlsberg ní Copenhagen, ní Dẹ́ńmáàkì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ jinlẹ̀. Pròtéènì ní náítírójìn nínú, nǹkan bí ìdá 16 nínú 100. Kjeldahl a se oúnjẹ nínú ásíìdì líle títí yóò fi tú ká, a wọn náítírójìn tó jáde, a wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì di iye pròtéènì. Fún ọkà àti ọtí, ó ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ wo ohun tí a bi í: náítírójìn mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ kò gbọ́ pé pròtéènì ni wọ́n bi í. Àwọn oníjìbìtì tó ń bu omi la wàrà mọ èyí. Wọ́n mú melamine, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń fi ṣe àwo ike, wọ́n dà á sínú wàrà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo melamine ló jẹ́ náítírójìn. Ìdánwò Kjeldahl wo wàrà tí wọ́n ti bu omi là yìí, ó ní náítírójìn pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ìkókó mẹ́fà kú, nǹkan bí ọmọ 300,000 sì ṣàìsàn, òkúta sì dì sínú kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn.

Ìbéèrè tó ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ó tún kù síbì kan: ibi tí wọn kò ti béèrè ohunkóhun. Ní ọdún 2006, ìjọba Pánámà po oògùn ikọ́ àti òtútù tó tó ìgò 260,000. Àgbá glísíríìnì tí wọ́n lò ti Ṣáínà wá, ó gba Barcelona kọjá. Ìwé ẹ̀rí tó bá a rìn sọ pé ó mọ́ dé ìwọ̀n 99.5 nínú 100. Àgbá náà ń ti ọwọ́ oníṣòwò kan bọ́ sí òmíràn, ìwé náà ń tẹ̀ lé e, orúkọ ń yí padà lórí rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ kan lójú ọ̀nà tó ṣí àgbá kí ó bu díẹ̀ yẹ̀ wò. DEG ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn apoògùn pé kí wọ́n yẹ glísíríìnì wò fún DEG kí wọ́n tó fi po oògùn.

Ó dára. Bí a bá wá fẹ́ bi í ní ìbéèrè tó yẹ, ọ̀nà wo ni à á gbà? Omi mẹ́ta tó jọra wà nínú ìgò kan, ti DEG sì lè kéré púpọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà wọ́n. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní kromatógíráfì.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ni Mikhail Tsvet, onímọ̀ nípa ewéko láti Rọ́ṣíà. Ní ìlú Warsaw ní ọdún 1903 ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ki lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì sínú ọ̀pá gíláàsì, ó da oje ewé sí i lórí, ó wá ń da omi tí wọ́n fà lára epo rọ̀bì tẹ̀ lé e. Bí omi náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, oje ewé tí ojú rí bí àwọ̀ ewé lásán bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ilà àwọ̀ ewé níbí, ilà àwọ̀ ìyeyè lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ kò fi ka iṣẹ́ yìí sí. Ìgbà tó di ọdún 1931, ní Heidelberg ní Jámánì, ni wọ́n tó gbé e dìde padà. Tsvet ti kú láti ọdún 1919.

Kí ló ń yà wọ́n? Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tó jáde nílé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń lọ sí ọjà kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílùú, ó mọ gbogbo ojúlé. Bó ti dé iwájú ilé kan, á dúró kí wọn, á béèrè àlàáfíà ìyàwó, á béèrè ti àwọn ọmọ. Èkejì jẹ́ àlejò, kò mọ ẹnikẹ́ni, ó ń rìn lọ ní tirẹ̀. Àlejò ni yóò kọ́kọ́ dé ọjà. Bí ọ̀nà náà bá ṣe gùn sí i ni àárín wọn yóò ṣe máa jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mólékù ṣe ń rìn nínú ọ̀pá: èyí tó fẹ́ràn ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú ọ̀pá náà yóò máa dúró, èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò máa bá ohun tó ń ṣàn lọ.

Àwọn tó fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ ni Archer Martin àti Richard Synge, ní ilé ìwádìí nípa irun àgùntàn ní ìlú Leeds ní England. Wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe lè ya àwọn ohun tó para pọ̀ di pròtéènì inú irun àgùntàn sọ́tọ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1941, wọ́n sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò: pé kò pọn dandan kí ohun tó ń ṣàn jẹ́ omi, gáàsì náà lè ṣe é. Ọdún 1952 ni Martin àti A. T. James fi hàn pé ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Martin àti Synge gba ẹ̀bùn Nobel.

Ti gáàsì yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ọ̀pá rẹ̀ kò ju fọ́nrán tín-ínrín lọ, ihò inú rẹ̀ kò tó mílímítà kan, gígùn rẹ̀ sì lè tó mítà 30. Wọ́n ká a jọ sínú ààrò kékeré kan. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ta ẹ̀kán oògùn sí i, ooru á sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì mìíràn bíi hẹ́líọ́ọ̀mù á máa gbé e lọ. Níhìn-ín, ohun tó ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú ni bí mólékù ṣe fẹ́ràn inú ọ̀pá tó, àti bí ó ṣe tètè ń hó tó. PG ń hó ní dígírì 188. DEG ń hó ní 245. Glísíríìnì ń hó ní 290.

Kí ló dé tí wọn kò fi hó pọ̀? Lára mólékù kọ̀ọ̀kan, ibi kan wà tí ọ́síjìn àti háídírójìn ti so mọ́ra. Ibẹ̀ ni mólékù fi ń fa ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra. Kí nǹkan tó lè hó, ooru gbọ́dọ̀ já wọn kúrò lára ara wọn. Glísíríìnì ní irú ibi bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, PG ní méjì. DEG náà ní méjì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gùn ju ti PG lọ, ọ́síjìn mìíràn sì tún wà láàárín rẹ̀, nítorí náà ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ooru mọ̀ ọ́n. Ní ìparí ọ̀pá náà, iná kékeré kan ń jó. Ohun tó bá dé ibẹ̀ jóná, ó sì bí ìwọ̀nba iná mànàmáná tí ẹ̀rọ yóò fà sórí ìwé bí òkè ṣóńṣó. Ìgbà tí òkè náà yọ ń sọ irú ohun tó dé. Bí ó ṣe tóbi tó ń sọ iye rẹ̀.

Ó rọrùn láti rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Kò tíì parí. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ó kù kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí bi ara rẹ̀ léèrè.

Èkínní: ta ló sọ fún mi pé DEG ni òkè tó yọ yìí? Ó gbọ́dọ̀ ní ojúlówó DEG lọ́wọ́, tí ó mọ bó ṣe mọ́ tó, kí ó gbé òun náà gba inú ẹ̀rọ, kí ó wò ó bóyá ìgbà kan náà ni wọ́n jáde. Èkejì: ṣé kì í ṣe ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ mi ni mò ń kà? Ó gbọ́dọ̀ gbé èyí tí kò ní oògùn kankan nínú kọjá. Bí òkè bá yọ níbẹ̀, ilé rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀kẹta: báwo ni mo ṣe mọ̀ pé bí DEG bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, màá rí i? Yóò mú oògùn tí kò lẹ́bi, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fi ìwọ̀n DEG tó mọ̀ sí i, yóò wá wò ó bóyá ẹ̀rọ yóò rí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀kẹrin: bí mo bá tún un ṣe, ṣé ohun kan náà ni màá rí? Ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹ̀karùn-ún: ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó máa ń jáde ní ìgbà kan náà pẹ̀lú DEG? Nítorí èyí, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kejì jẹ́rìí, èyí tó ń fọ́ mólékù sí wẹ́wẹ́ tó sì ń wọn ìwúwo ègé kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀nà méjì tí kò jọra bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọkàn lè balẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù: níbo ni mo ti bu èyí tí mò ń yẹ̀ wò? Bí àgbá 20 bá wọlé, tí wọ́n sì bu nínú ọ̀kan, ọ̀kan yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá kò lè sọ ohun tó wà nínú àgbá tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Ẹ tún fetí sí èyí. Bí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé a kò rí DEG, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí kò lè rí ohun tó bá kéré jù ú lọ. Òpin tí ìlànà àgbáyé fi sí DEG nínú glísíríìnì àti PG ni 0.10 nínú 100, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rọ tí kò lè rí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Èyí tó ń fi ìtànṣán ooru ka mólékù lè sọ ohun tó wà nínú àgbá ní kíákíá bí ohun náà bá dá wà. Ṣùgbọ́n bí DEG díẹ̀ bá fara pamọ́ sínú PG púpọ̀, ara wọn jọra débi pé èyí tó pọ̀ lè bo èyí tó kéré mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀rọ gáàsì wọ́n, iná kò sì dúró. Òótọ́ ni. Ní Haiti, láàárín ọdún 1995 sí 1996, ọmọ tó lé ní 80 kú nípa DEG nínú oògùn ibà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí kò fẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Pátákó kékeré tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú funfun tẹ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kán glísíríìnì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kán ojúlówó DEG sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ pátákó bọ omi kẹ́míkà. Omi náà á máa gun òkè, á máa gbé wọn lọ. Wọ́n á wá wọ́n ohun tó ń mú wọn fara hàn sí i. Bí àmì kan bá yọ ní ibi tí ti DEG dé, a jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ Tsvet náà ni, orí pátákó ló bọ́ sí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi irú ọ̀nà pátákó yìí ṣe ìpele kìíní nínú ìlànà rẹ̀, wọ́n sì fi ti gáàsì ṣe ìpele kejì fún èyí tí wọ́n bá fura sí. Nítorí náà, ẹni tó ń po oògùn ọmọdé kò ní àwáwí pé owó kò sí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, WHO kéde oògùn ikọ́ mẹ́rin tí wọ́n rí ní Gáńbíà, tí DEG àti ìbátan rẹ̀ wà nínú wọn. Nǹkan bí ọmọ 70 ni ó kú níbẹ̀. Láti 1937 títí di 2022, ẹ̀kọ́ kẹ́místírì tí a fi ń mọ DEG kò ṣòro sí i, ńṣe ló ń rọrùn. Ohun tó ń kù náà ni pé kí ẹnìkan ṣí àgbá kí ó béèrè.

Kí ni tiwa nínú rẹ̀, àwa òbí? A kò lè gbé ẹ̀rọ gáàsì sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹ má ra oògùn ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń dáhùn: ó ń sọ pé wọ́n forúkọ oògùn náà sílẹ̀. Kò sọ pé ìgò tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má ju páálí nù títí ọmọ yóò fi lo oògùn náà tán, nítorí nọ́ńbà ìpò oògùn náà, tí wọ́n ń pè ní batch number, wà lára rẹ̀. Bí ọmọ bá ń lo oògùn olómi, tí ìtọ̀ rẹ̀ bá sì dín kù tàbí tó dáwọ́ dúró, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Ìgò yẹn ni àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò yóò bi ní ìbéèrè. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ nù, kò sí ẹni tí wọn yóò bi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, tí ẹ ń ka kẹ́místírì nítorí ìdánwò WAEC, iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí ń dúró dè yín. Kì í ṣe iṣẹ́ títẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè wá láti ìlú òyìnbó, ìbéèrè ni kò ṣeé rà.

Àti ẹ̀yin yòókù, bí ẹnikẹ́ni bá na ìwé sí yín, yálà lórí oògùn ni, lórí omi inú ọ̀rá, tàbí lórí epo pupa, tí ó ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó yege, ẹ má tíì sọ pé ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ibo ni wọ́n ti bu ú, kí ni wọ́n wá nínú rẹ̀, kí sì ni wọn kò wá?